Kì Í Ṣe Gbogbo Ohun Tó Gorí Igi Ló Ń Jẹ Igi: Àlàyé fún Àwọn Ará Ajilete àti Gbogbo Agbègbè Yewa

Ẹni tí ó bá rìn nínú oko obì, oko kòkó tàbí lábẹ́ ọ̀pẹ ní Ajilete, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, yóò rí i pé igi kì í dá gbé. Ewéko mìíràn máa ń gorí rẹ̀. Òmíràn bo ẹ̀ka kan tán. Òmíràn rọ̀ sílẹ̀ bí irùngbọ̀n. Òmíràn sì jókòó sí ojú ibi tí a ti gé imọ̀ ọ̀pẹ kúrò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń pe gbogbo wọn: àfòmọ́.

Orúkọ kan tí a fún gbogbo wọn yìí ń dá ìṣòro méjì sílẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó gbà pé ọ̀tá ni gbogbo wọn yóò fi àdá gé wọn dànù, yóò sì pa èyí tí kò ṣe é níbi. Àgbẹ̀ tí ó gbà pé ọ̀ṣọ́ igi lásán ni gbogbo wọn yóò fi àfòmọ́ gidi sílẹ̀, títí ẹ̀ka obì rẹ̀ yóò fi gbẹ.

Nínú àlàyé yìí, a fẹ́ fi ewéko kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní clubmoss ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀yà rẹ̀ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ń gbé orí igi nínú igbó olótùútù tí ó wà lórí òkè gíga. Ajilete kì í ṣe ibùgbé rẹ̀, a ó sì sọ ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí ó ṣe ń gbé, tí ó sì mọ ohun tí ń pa á, yóò mọ bí a ṣe ń ya èyí tí ń jẹ igi sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó kàn gorí igi. Yóò sì mọ ohun tí ìlú ń pàdánù nígbà tí igi àgbà kan bá wó lulẹ̀.

Kí ni clubmoss?

Clubmoss kì í ṣe igi, kì í sì í ṣe koríko. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ewéko wínníwínní tí ń bo ara ògiri lásìkò òjò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tí àwọn òyìnbó fún un fara jọ ti ìyẹn. Ó ní iṣan tí ń gbé omi kiri inú ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn ewéko ńlá, ṣùgbọ́n kò ní òdòdó, kò ní èso, kò sì ní irúgbìn. Ewé rẹ̀ kéré, wọ́n sì tò yí ọ̀pá rẹ̀ ká ní sísún mọ́ ara wọn bí ìpẹ́ ẹja.

Oríṣiríṣi ni clubmoss. Òmíràn ń hù lórí ilẹ̀, òmíràn sì ń gbé orí igi. Phlegmariurus ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń pe ìdílé àwọn tí ń gbé orí igi ní ilẹ̀ olóoru, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ṣì ń kà á mọ́ Huperzia. Èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn ni Phlegmariurus phlegmaria. Carl Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden, ni ó kọ́kọ́ fún un ní orúkọ sáyẹ́ǹsì ní 1753, ó sì wà ní ilẹ̀ Áfíríkà, Éṣíà àti Australia. Láti orí ẹ̀ka gíga ni ó ti máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ bí wajawaja etí aṣọ.

Ìran yìí ti pẹ́ lórí ilẹ̀ ayé. Ó ti lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún tí àwọn baba ńlá wọn ti wà, tipẹ́tipẹ́ kí òdòdó kankan tó tanná. Ní nǹkan bí 300 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àwọn ìbátan wọn kan tí a ń pè ní Lepidodendron jẹ́ igi gíga tí ó tó mítà 30. Nígbà tí wọ́n wó sínú ẹrẹ̀, tí ilẹ̀ sì bò wọ́n mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n wà lára ohun tí ó di èédú ilẹ̀ tí a wà ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Èédú ilẹ̀ ti Enugu kò sí lára ìwọ̀nyẹn. Ọjọ́ orí tirẹ̀ kéré gan-an sí tiwọn. Àwọn clubmoss kékeré ti òde òní ni ó ṣẹ́kù nínú ìdílé ńlá yẹn.

Nítorí pé kò ní irúgbìn, eruku ìbísí ni clubmoss fi ń bí. Eruku yìí fẹ́lẹ́, atẹ́gùn sì lè gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá bọ́ sínú èérí ewé tó ti jẹrà ní ìkóríta ẹ̀ka igi, ó lè hù di ohun kékeré kan tí ojú kò lè tètè rí, tí olú wínníwínní sì gbọ́dọ̀ máa bọ́. Lára ohun kékeré yìí ni akọ àti abo ti ń pàdé, omi ni akọ sì máa ń wẹ̀ kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ abo. Bí omi kò bá sí, kò sí ọmọ. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí clubmoss tuntun tó yọ ewé jáde. Nítorí náà, ibi tí a bá ti pa á run kì í tètè padà ní òmíràn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti àfòmọ́

Àwọn àgbà wa ti kíyè sí àfòmọ́ láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ló bá tan. Òótọ́ ni pé àfòmọ́ kò ní egbò nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ohun mìíràn tí ó fi rọ́pò rẹ̀: ẹnu tí ó fi ń fa omi. Nígbà tí irúgbìn rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, ó máa ń gún èèpo, a sì wọ inú igi lọ títí yóò fi kan iṣan tí omi ń gbà kọjá. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa mu omi àti èròjà ilẹ̀ tí gbòǹgbò igi náà ṣe làálàá láti fà wá. Ewé tútù tirẹ̀ ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi olómi ni ó fi ń ṣe é.

Ẹyẹ ni ń gbin àfòmọ́. Ẹyẹ a jẹ èso rẹ̀, ṣùgbọ́n oje tó lẹ̀ bí àtè wà lára hóró náà. Bí ẹyẹ bá yàgbẹ́ tàbí tí ó bá nu ẹnu rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka mìíràn, hóró náà yóò lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ẹ̀yà tí a mọ̀ jù lórí kòkó, obì àti ọsàn ní ilẹ̀ wa ni Tapinanthus bangwensis. Bí ó bá pọ̀ lórí ẹ̀ka kan, apá ẹ̀ka tí ó wà níwájú rẹ̀ yóò máa rù, èso rẹ̀ yóò dínkù, yóò sì kú nígbẹ̀yìn.

Clubmoss orí igi kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ kàn di èèpo igi mú ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá di okùn mú kí ó má baà ṣubú. Omi òjò tó ń ṣàn lára igi, ìrì àti ìkùukùu ni omi rẹ̀. Eruku àti ewé jíjẹrà tó kó jọ sí ìkóríta ẹ̀ka ni ilẹ̀ rẹ̀. Àyè àti gíga nìkan ni ó ń gbà lọ́wọ́ igi, kí ó lè rí ìmọ́lẹ̀ tí kì í dé ìsàlẹ̀ igbó. Irú ewéko báyìí ni a ó máa pè ní agorí-igi nínú àlàyé yìí. Àlejò tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni agorí-igi. Àfòmọ́ ni àlejò tí ó wọ ìyẹ̀wù lọ jẹ oúnjẹ onílé.

Ìdí tí Ajilete kì í fi ṣe ibùgbé rẹ̀

Ewéko tí kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀ kò ní ibi ìpamọ́ omi. Bí òjò bá dá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sí ibi tí yóò ti fa omi mìíràn. Ìdí nìyí tí clubmoss orí igi fi fẹ́ràn igbó òkè, níbi tí ìkùukùu ti máa ń wọ àárín igi tí ó sì ń kán tótó lára ewé kódà nígbà tí òjò kò rọ̀.

Irú igbó bẹ́ẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Òkè Cameroon ga ní mítà 4,040. Ní Debundscha, ní ìsàlẹ̀ òkè náà lẹ́bàá òkun, òjò ọdún kan máa ń tó nǹkan bí mìlímítà 10,000. Ó wà lára àwọn ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù ní gbogbo àgbáyé. Erékùṣù Bioko náà ní òkè tí ìkùukùu ń bò. Ní orílẹ̀-èdè wa, òkè Obudu ní Ìpínlẹ̀ Cross River àti òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba ga ní nǹkan bí mítà 1,600, Chappal Waddi tí ó ga jù ní Nàìjíríà sì jẹ́ mítà 2,419.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi Ajilete wé wọn. Ilẹ̀ wa kò ga tó mítà 200 sí ojú òkun. Òjò ọdún kan ní agbègbè Yewa máa ń lé ní mìlímítà 1,000, ṣùgbọ́n kì í sábà dé 2,000. Bí ọyẹ́ bá sì dé láàárín oṣù kọkànlá àti oṣù kejì, atẹ́gùn gbígbẹ láti ìhà Sàhárà yóò gbẹ ètè, yóò gbẹ ilẹ̀, yóò sì gbẹ ara èèpo igi.

Ìdí mìíràn wà tí ó jẹ́ ti ìtàn ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Igbó ńlá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kì í ṣe odidi. Láti apá ìlà-oòrùn Ghana, kọjá ní Togo àti Benin, títí dé tòsí ààlà Nàìjíríà, ọ̀dàn gbígbẹ ni ó dé etí òkun, tí ó sì pín igbó náà sí méjì. Àlàfo Dahomey ni àwọn onímọ̀ ń pè é, nítorí Dahomey ni orúkọ Benin títí di 1975. Ní nǹkan bí 4,000 ọdún sẹ́yìn ni ojú ọjọ́ gbẹ tí igbó ibẹ̀ sì já. Létí àlàfo yìí gan-an ni ilẹ̀ Yewa wà. Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn wa, ọ̀dàn. Ní ìhà ìlà-oòrùn wa, igbó. Bí ènìyàn bá ti Ayétòrò sọ̀kalẹ̀ wá sí Ìlaròó àti Ajilete, yóò rí bí ọ̀dàn àti igbó ṣe ń dúnàádúrà ilẹ̀ láàárín ara wọn. Ní irú ibi báyìí, igbó kékeré kan tàbí igi àgbà mélòó kan lè jẹ́ ibi ìsádi kan ṣoṣo fún ewéko tí ó fẹ́ràn òtútù.

Àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ wa

Bí clubmoss orí òkè kò tilẹ̀ sí lọ́dọ̀ wa, ìran rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní ìhà gúúsù Nàìjíríà, Palhinhaea cernua máa ń hù ní bèbè ọ̀nà àti etí omi tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Ó dà bí igi kékeré tí ẹ̀ka rẹ̀ dorí kodò, orí ilẹ̀ ni ó sì ń gbé. Ìbátan mìíràn ni Selaginella myosurus, tí ń fà bí ìtàkùn lórí igbó kékeré. Ní 1959, A. H. G. Alston tẹ ìwé kan jáde lórí fern àti àwọn ìbátan rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn clubmoss sì wà nínú rẹ̀. Nínú ilé ìpamọ́ ewéko tí ó wà ní Iléeṣẹ́ Ìwádìí Igbó ti Nàìjíríà ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ṣì ń lo ewéko gbígbẹ tí a ti kó jọ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá láti fi dá ewéko mọ̀.

Ní ti àwọn agorí-igi, a ní wọn dáadáa. Lára ọ̀pẹ, a máa ń rí fern bí Nephrolepis biserrata àti Microsorum scolopendria, tí wọ́n ń hù láti ojú ibi tí a ti gé imọ̀. Lórí igi ńlá, a máa ń rí Platycerium elephantotis, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí etí erin. Àwọn ewé kan lára rẹ̀ lẹ̀ mọ́ igi bí àwo, wọ́n sì ń gba ewé gbígbẹ tó ń já bọ́ láti òkè. Ewé wọ̀nyẹn a jẹrà, a di ilẹ̀, a sì gba omi dúró títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oríṣiríṣi orchid náà wà lára wọn, tí wọ́n ń fi omi pamọ́ sínú ọ̀pá wíwú wọn.

Inú àwọn agorí-igi wọ̀nyí ni kòkòrò, àkèré àti aláǹgbá ti ń rí ibi tútù sá sí lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Wọ́n máa ń gba omi òjò dúró, wọ́n sì máa ń dá a padà díẹ̀díẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ àti sí ìdí igi. Ibi tí wọ́n bá pọ̀ sí jẹ́ àmì pé igi ibẹ̀ ti dàgbà àti pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣì tutù.

Ohun tí a lè pàdánù

Agorí-igi kì í tètè gba orí igi tuntun. Èèpo igi gbọ́dọ̀ gbó, kí ó le, kí ó sì lànù. Èérí gbọ́dọ̀ kó jọ sí ìkóríta ẹ̀ka. Òjìji ewé gbọ́dọ̀ wà. Igi ìrókò tàbí àràbà tí a fi wákàtí kan gé lè ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó di ilé tí wọ́n lè gbé. Bí a bá gbin tíìkì tàbí mẹlínà rọ́pò rẹ̀, a ó ní pákó, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tí a ó gé lẹ́yìn ọdún díẹ̀ kì í dúró tó kí agorí-igi tó bí ọmọ lórí rẹ̀.

Àwọn tó tẹ̀ ìlú dó ní ilẹ̀ Yewa mọ iyì igi àgbà. Ìdírókò, ìlú ààlà wa, ń jẹ́rìí sí i nínú orúkọ rẹ̀. Ìdí igi ìrókò ni a fi mọ ìlú náà, kì í ṣe ìdí kùkùté.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ní igbó ọba mẹ́sàn-án, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa: Ìlaròó, Eggua, Aworo, Ohunbe, Edun àti Imẹ̀kọ wà lára wọn. Igbó Ọmọ, ní ìhà ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ wa, wà lára àwọn igbó tí àjọ UNESCO kà sí ohun ìní pàtàkì ayé alààyè láti 1977. Olókemejì, tí a yà sọ́tọ̀ ní 1899, wà lára àwọn igbó ọba àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gé igi nínú igbó ọba láìgba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè ṣọ́ igi tí ó dúró sí oko ẹni, sí ọjà ìlú tàbí sí bèbè odò Yewa. Àwa ará ìlú ni a ó ṣọ́ wọn.

Ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe

1. Kí ẹ tó gbé àdá, ẹ wo ibi tí ewéko náà ti pàdé ẹ̀ka. Bí ojú ibẹ̀ bá wú, tí ọ̀pá ewéko náà sì le bí igi, tí kò ṣeé yà kúrò láìfa ẹ̀ka ya, àfòmọ́ ni. Bí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ bá kàn lẹ̀ mọ́ ojú èèpo, tí ó sì ṣeé ká kúrò láìpa èèpo lára, agorí-igi ni.

2. Bí ó bá jẹ́ àfòmọ́, ẹ má ṣe gé ewé rẹ̀ nìkan, nítorí ẹnu rẹ̀ tó wà nínú igi yóò tún hù. Ẹ gé ẹ̀ka náà kúrò ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìsàlẹ̀ ibi tí ó ti wọlé. Ẹ ṣe é kí ó tó so èso, kí ẹyẹ má baà gbé e lọ sí oko ẹlòmíràn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ewé àwọn igi kan bá ti rẹ̀, ni ó rọrùn jù láti rí i.

3. Oko tó bá ara wọn pààlà ni kí ó jọ gé àfòmọ́ lásìkò kan náà. Ẹni tí ó bá dá nìkan gé e yóò tún rí i ní ọdún tó ń bọ̀.

4. Bí ó bá jẹ́ agorí-igi lórí igi ńlá, ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá wà lára ọ̀pẹ tí a ń gùn, ẹ lè pa ọ̀nà tí ẹsẹ̀ àti igbà yóò gbà mọ́, nítorí ejò lè fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹ̀ka tí ó ti jẹrà tí ẹrù ewéko sì wúwo lórí rẹ̀ lókè ilé tàbí ọ̀nà yẹ ní gígé pẹ̀lú.

5. Bí ẹ bá ń ṣán oko tuntun, ẹ dá igi àgbà mélòó kan sí, pàápàá létí omi. Bí ọ̀rọ̀ bá rú yín lójú, ẹ pe òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀ tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Ìkìlọ̀ lórí lílò rẹ̀ fún oògùn

Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà yọ èròjà kan tí a ń pè ní huperzine A jáde láti ara Huperzia serrata, ìbátan clubmoss. Wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ fún àrùn ìgbàgbé àwọn àgbàlagbà. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni já clubmoss kan kí ó sè é mu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní èròjà tí ó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá bí a bá lò ó láìmọ ìwọ̀n. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wa náà mọ̀ pé àfòmọ́ orí obì kì í ṣe àfòmọ́ orí ọsàn. Wọn kì í fi ewé kan dípò èkejì nítorí pé wọ́n jọra. Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀lé ọgbọ́n wọn nínú èyí.

Ní ìparí

Kò sí ìdí tí àgbẹ̀ Ajilete yóò fi máa bá ohun tí kò jẹ igi rẹ̀ jà, kò sì sí ìdí tí yóò fi máa fún ohun tí ń jẹ igi rẹ̀ láyè. Ojú tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni yóò gba obì àti kòkó là, òun náà ni yóò sì jẹ́ kí igi àgbà máa ru àwọn àlejò rẹ̀ lọ. Clubmoss ti la 400 mílíọ̀nù ọdún kọjá nítorí pé ó ń rí ibi tútù fi ẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìbátan rẹ̀ àti àwọn agorí-igi ilẹ̀ wa rí irú ibi bẹ́ẹ̀ ní Yewa títí di ìgbà àwọn ọmọ ọmọ wa.